Ẹ̀gbà Mẹ́fà

Ní Wuse, lẹ́yìn báǹkì kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké bí ológbò,
ni ilé búrẹ́dì Jẹmal wà.
Orúkọ Jẹmal ló wà lára pátákó,
ṣùgbọ́n ọwọ́ Ayten ni ìyẹ̀fun mọ̀
láti aago mẹ́rin òru.

Èmi ni mo ń kọ ìwé owó wọn.
Mo mọ iye ṣúgà, mo mọ iye ìwúkàrà,
mo mọ iye epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu lọ́jọ́ tí iná bá kọ̀.
Lábẹ́ owó oṣù, orúkọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀,
títí kan Bitrus tó ń gbálẹ̀.
Mo wá ti Ayten, n kò rí i.
Mo bi Jẹmal.
“Ìyàwó mi kọ́? Ta ní í san owó oṣù fún ara rẹ̀?”
Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí lẹ́nu bí ehín tó kẹ̀.

Ẹ̀gbà wúrà mẹ́fà ń bẹ lọ́wọ́ òsì Ayten.
Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ ló fi wọ́n sí i lọ́wọ́
lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ní Konya, nínú yìnyín.
Bó bá ń po ìyẹ̀fun, á tì wọ́n sókè dé ìgbúnwọ́,
wọn a máa dún woro, woro.
Ó sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro
(tèmi náà ń tiro):
“Owó tó wà ní báǹkì, owó ilé ni.
Owó ilé, owó Jẹmal.
Èyí nìkan ni n kò ní í wá ẹni tí yóò buwọ́ lù ú.”

Mo dákẹ́.
Mo rántí ilẹ̀ mi ní Kubwa,
púlọ́ọ̀tì kan. Ìdajì ni, ká sòótọ́.
Àjọ ọdún mẹ́rin ni mo fi rà á.
Onílẹ̀ ní òun kì í bá obìnrin nájà ilẹ̀,
mo bá mú Akínkúnmi àbúrò mi lọ,
ọmọ tí kò tíì fowó ara rẹ̀ ra bàtà rí.
Wọ́n fún un ní àga. Wọ́n pè é ní Alàgbà.
Èmi, lórí ìdúró, ni mo ka owó.
Ọkọ mi rò pé ìpàdé ibi iṣẹ́ ni mo lọ.

Talatu tó ń ta kúlíkúlí fún wa kì í jáde.
Suleja ló wà, nínú ọgbà ilé,
ọmọ rẹ̀ ló ń gbé igbá wá.
Ṣùgbọ́n èrè Talatu, ti Talatu ni;
ẹ̀sìn ló wí bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ béèrè.
Nínú àwa mẹ́ta, ẹ bá mi wò ó,
ta gan-an ni ẹlẹ́hàá?

Ọ̀sẹ̀ kejì àwẹ̀, ààrò bàjẹ́.
Ọjọ́ kẹta, òmíràn dé, ó ń dán.
“Mo ra ààrò tuntun,” ni Jẹmal ń wí fún gbogbo oníbàárà.
Mo wo ọwọ́ òsì Ayten.
Mẹ́rin.

Wọ́n ní bí ọkùnrin réjò, tí obìnrin pa á,
kí ejò ṣáà ti kú.
Ejò kú lóòótọ́.
Ta ló wá ń ta awọ rẹ̀?

Mo ṣí ìwé owó.
Ní ojú ìlà gbèsè tí ilé búrẹ́dì jẹ, mo kọ:
Ayten, ẹ̀gbà méjì.
Báírò ni mo fi kọ ọ́, n kò fi pẹ́ńsùlù.
Jẹmal kò tíì rí i,
àròpọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ló máa ń wò.

Mo délé, mo fa ìwé ilẹ̀ yọ
lábẹ́ aṣọ òtútù ọmọ mi.
Akínkúnmi, ló wà níbẹ̀ gàdàgbà.
Báírò yẹn ṣì wà nínú àpò mi.